Àpò Irinṣẹ́ àti Ọkọ́ Ara Ògiri

Búrẹ́dì tí mo rà lánàá ní ìsàlẹ̀ bíríìjì Sango, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà ni wọ́n tà á fún mi, ó sì fúyẹ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi pò ó. Ẹyin kan ti lé ní igba náírà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ la fi ń jẹun ọ̀sán. Ẹran á wà lórí rẹ̀, ọsàn á tẹ̀lé e, ẹni tó ń bu oúnjẹ á sì tún bi ọ́ bóyá ó tó. Mo mọ̀ pé gbogbo arúgbó ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í sọ. Ohun kan wà tó wọ́n gógó nígbà náà tó ti di ọ̀fẹ́ báyìí: kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bá ọ gé àlàfo tó wà níwájú orúkọ ènìyàn kúrò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì fi àlàfo ṣáájú orúkọ rẹ, ẹ̀rọ á ní ìwọ kọ́ nìyẹn, ẹlòmíràn ni. Ẹ̀rọ kò ní làákàyè. Páálí pẹlẹbẹ la fi ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà. A ó lu ihò sí páálí náà lára, a ó kó o fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ láti ojú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ gba oògùn, a ó wá jókòó dè wọ́n. Bí ihò kan bá ṣì, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ padà sí ọ lọ́wọ́. Fọ́ńṣọ̀n tó ń gé àlàfo, ìyẹn ìwọ̀nba àṣẹ díẹ̀ tí a so pọ̀ tí a fún lórúkọ kí a lè máa pè é níṣẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Olùkọ́ wa gbé e kọ́ sára pátákó pé kí gbogbo kíláàsì wá wò ó. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá láìnídìí. Irun mi dúdú nígbà náà, àwọn obìnrin sì mọ orúkọ mi nítorí àlàfo tí mo gé.

Lónìí, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé iṣẹ́ wọn ka orí ohun tí wọ́n ń pè ní férémùwọ́ọ̀kì, ilé tí ẹlòmíràn ti ri òpó rẹ̀, tó ti kan òrùlé rẹ̀, tó wá ní kí o kó ẹrù rẹ wọlé. Àpò irinṣẹ́ kan máa ń bá a wá. Inú rẹ̀ ni àwọn fọ́ńṣọ̀n kéékèèké tí gbogbo ayé ń lò wà: èyí tó ń gé àlàfo, èyí tó ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ di ńlá, èyí tó ń to nǹkan tẹ̀lé ara wọn, èyí tó ń mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà kan sí òmíràn, èyí tó ń ṣa ohun tí wọ́n wí lẹ́ẹ̀mejì dànù. O kàn máa pè é ni, á jẹ́ ọ. Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe bí i ń pàṣẹ fún un.

Àpò yẹn ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo ṣe láyé mi. Rárá, mo purọ́. Ènìyàn ló lé mi.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Àgbárá ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó oṣù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kú, ṣọ́ọ̀ṣì rà á. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí lágbègbè wa nígbà náà. Ilé iṣẹ́ á kú, ṣọ́ọ̀ṣì á jí i dìde lọ́jọ́ kẹta. Yunifásítì aládàáni náà ń hù lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò bí èèsún etí odò. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ra ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan láti lọ wo yàrá mi. Ibi tí ẹ̀rọ mi wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n to kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà sí. Ọkùnrin kan bi mí bóyá mo fẹ́ rà.

Irun mi ti funfun. Kò sí ẹni tó ń gba irú mi síṣẹ́. Ìyàwó mi, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, sọ ọ́ fún mi tààrà: bí n kò bá ríṣẹ́, a ó padà sí Ọ̀yọ́, a ó lọ sùn sí yàrá ẹ̀yìn nílé àbúrò mi. Àbúrò mi kò lọ sílé ìwé. Mo ti fi ìyẹn bú u lójú àwọn ọmọ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo sì mọ̀ ọ́n: kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa bu oúnjẹ fún mi lójoojúmọ́ ni, á máa wo ẹnu mi bí mo ti ń jẹ ẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ kan jáde ní Joju, ní Ọ̀tà, mo dì í mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń di koríko mú.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì náà wà, wọ́n ń ta oògùn nísàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin kan sì ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ wa ni kí a máa ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì tó ń hù káàkiri náà. Ọ̀gá wa wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀dà ló ń bá ilé iṣẹ́ kan tà tẹ́lẹ̀ kó tó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lówó lórí ju ọ̀dà lọ. Kò lè kọ fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó lè ta èyí tí kò sí. Olórí àwa tó ń kọ ètò jẹ́ ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo awò ojú, ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi. Onígíláàsì ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ọmọbìnrin kan tún wà, ọmọ Ọ̀tà gan-an, Mùsùlùmí. Bàbá rẹ̀ ń jó irin ní Ilo-Awela. Òun ló máa ń rẹ́rìn-ín jù nínú wa.

Ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkókò ṣòfò lórí ohun tó ti wà nínú àpò. Ó ní ẹni tó bá jókòó kọ fọ́ńṣọ̀n tí àpò ti ní, àgbẹ̀ tó ń tún oko ríro ro ni. Ó ra ọkọ́ kékeré kan lọ́jà Ọ̀tà, ó fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, á gbé ọkọ́ náà kọ́ èjìká títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó fẹ́ tọ̀, tòun ti ọkọ́. Bó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹ̀wà, tòun ti ọkọ́. Ẹni tó bá rí i mú á pariwo pé, “Ó wà nínú àpò!” Gbogbo ilé á sì dáhùn pé, “Àgbẹ̀ o!”

Gbogbo wọn ló ti gbé e rí. Ọmọ Ọ̀tà ti gbé e, ó fi ya fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó gbé ọkọ́, eré ló ń ṣe. Àgbàlagbà tó gbé ọkọ́, ẹ̀sín ni.

Ọwọ́ mi ti mọ́ kíkọ. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí ọmọ Ọ̀tà fi na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ mi.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń kọ yẹn?”

“Fọ́ńṣọ̀n tó ń gé àlàfo ni.”

“Háà! Ó wà nínú àpò!”

“Àgbẹ̀ o!”

Onígíláàsì lọ yọ ọkọ́ náà lára ògiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, “Ẹ gbà á, sà. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ oko.” Kò síbi tí wọ́n ti mọ bí a ti í fi ọ̀wọ̀ na àgbàlagbà bí ilẹ̀ wa. Kò gbàgbé “ẹ” kan, kò gbàgbé “sà” kan. Mo gbé ọkọ́ náà kọ́ èjìká, lórí kóòtù tí mo wọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kàwé.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ìyá ẹlẹ́wà rí mi. “Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Bàbá onígírámà! Iṣu ti ta?” Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ọ̀pá iná mú. “Ẹ jẹ́ n bu ti àgbẹ̀ fún yín. Àgbẹ̀ kì í jẹ díẹ̀.” Ó sì bù ú púpọ̀ lóòótọ́. Ó dùn mí ju kó bu díẹ̀ lọ.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wá pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ọjọ́ orí bàbá mi lẹ wà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ́ yìí bá tún gun èjìká yín, ẹ máa gbé e relé, kẹ́ ẹ má padà wá.” Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ká ara mi lọ́wọ́ kò. Mo di ẹni tó ń bẹ àpò. Mo ń pè, ó ń jẹ́. Mo rí fọ́ńṣọ̀n tó ń gé àlàfo nínú rẹ̀, ó já fáfá ju tèmi lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó bí i.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà tí iṣẹ́ yunifásítì tuntun kan fi dé. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ máa pín yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù fúnra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọmọ á kọ fọ́ọ̀mù tán, iná á lọ kó tó rí i pé ó wọlé, á tún un kọ. Ọmọ kan á wá di mẹ́ta. Onígíláàsì ní kò ṣòro, ó wà nínú àpò. Ó pe fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣa àwítúnwí dànù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: o ó sọ ohun tó máa wò fún un. Bó bá ti rí i rí, á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, á ju ti ẹ̀yìn nù. Onígíláàsì ní kó wo orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà fóònù bàbá. Kò fi orúkọ ọmọ kún un, nítorí àwọn ọmọ náà á kọ orúkọ ilé lónìí, wọ́n á kọ orúkọ ìsàmì lọ́la.

Mo wò ó láti ẹ̀yìn. Mo ní, “Ìbejì ńkọ́?”

“Ìbejì wo, Dádì?”

“Ìbejì. Orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, fóònù bàbá kan. Ẹ̀rọ á gba ẹni tó kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, á ju èkejì rẹ̀ nù.”

“Mélòó ni wọ́n máa jẹ́?”

“Ní ilẹ̀ Yorùbá? O ń bi mí pé ìbejì mélòó ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá?”

Ó kọjú sí àwọn tó kù. “Ẹ bá mi wo Bàbá o. Wọ́n fẹ́ máa tún ka ìbejì lórí oko.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ Ọ̀tà sì ń gbá tábìlì.

Bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, bóyá á rò ó bó bá délé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà wọ̀ mí lára. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìbejì ni òun fúnra rẹ̀, èkejì rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n ṣì ń mu ọyàn. Ní ìlú wa, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ sí Èkó. Òun ló sọ ọ́ fún wa nídìí ẹ̀wà pé nígbà tí òun kéré, bí ọkọ̀ Èkó bá dé, òun á sáré lọ sí gáréèjì, òun á máa wo ojú àwọn ọmọ tó ń bọ́ sílẹ̀, bóyá òun á rí ẹni tó jọ òun. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, kò sì jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán.

Mo ní, “Kò yà mí lẹ́nu. Tìrẹ náà, ẹnìkan ni wọ́n gbà, wọ́n ju èkejì nù. Ṣé o ti rí i ní Èkó?”

 Ọmọ Ọ̀tà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, “Àsìtàgìfúrúlàáhì.” Kí n má tàn yín, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Ó ṣì ń dùn.

Onígíláàsì yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́. “Ó dáa, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ bá wa kọ èyí tó mọ ìbejì.”

Èmi ọ̀dọ̀yọ̀, mo jókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n kọ nǹkan gbẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Fọ́ńṣọ̀n tèmi ń wo orúkọ ọmọ pẹ̀lú ti bàbá, èyí tí kò bá sì dá a lójú, kì í jù ú nù. Á yà á sọ́tọ̀ kí ojú ènìyàn wá wò ó. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Mo pe onígíláàsì kó wá wò ó.

Ó wò ó dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá dìde dúró, ó pariwo pé, “Ó wà nínú àpò!”

 Àṣà ni àṣà ń jẹ́. “Àgbẹ̀ o!”

Ọ̀gá jáde, igi ìtayín wà lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá! Kí ni mo sọ fún yín?”

“Ọ̀gá, òun ló ní kí n kọ ọ́.”

“Àwàdà ni mo ń bá wọn ṣe, sà,” ni onígíláàsì wí. “N kò mọ̀ pé wọ́n máa ṣe é lóòótọ́.”

Mo wo ọmọ Ọ̀tà. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn ará yunifásítì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́sàn-án yẹn, òun kò ráyè ẹjọ́. Ó ní kí n ṣì gbé ọkọ́ náà kọ́, òṣìṣẹ́ kò tó, kí n bá wọn ṣe iṣẹ́ náà parí, bí ilé ìwé bá ti wọlé tán, kí n gbé e relé bí òun ti sọ. Ó wá ronú díẹ̀, ó fi kún un pé, “Àfi tí ìbejì yín bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ká máa wò ó.”

Àwọn ará yunifásítì dé. Èyí àgbà nínú wọn, ọ̀gá tó ń rí sí ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, dúró níwájú mi. “Kí ni bàbá yìí gbé kọ́ èjìká?”

Onígíláàsì dá a lóhùn. “Àṣà ọ́fíìsì wa ni, sà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bàjẹ́ ló ń gbé e.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ní kí n yíjú díẹ̀ kí ọkọ́ náà lè hàn dáadáa. Mo yíjú.

Fọ́ńṣọ̀n inú àpò ni wọ́n lò, wọn kò lo tèmi. Nǹkan kan ṣoṣo ló wá kù tó lè gbà mí lọ́wọ́ yàrá ẹ̀yìn nílé àbúrò mi: kí iṣẹ́ náà bàjẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo gbàdúrà sí i. Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó kó ìbejì wá, kó kó wọn wá láti Ìgbòho, láti Ìkirè, láti ibi gbogbo tí wọ́n ti ń bí wọn, kó sì jẹ́ kí ilé ìwé ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdajì wọn.

Ọlọ́run gbọ́. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wọlé, wọ́n to tábìlì sínú gbọ̀ngàn kan, àwa ará ọ́fíìsì jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àwọn òbí ń kó mátírẹ́ẹ̀sì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. Obìnrin kan tó ń ta páànù ní Sango mú ọmọbìnrin méjì wá síwájú ọmọ Ọ̀tà, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀.

“Èyí ti ní yàrá,” ni ọmọ Ọ̀tà wí. “Èkejì kò sí.”

“Kò sí báwo? Ó mà dúró níwájú rẹ.”

“Kò sí lórí ẹ̀rọ, Mà.”

Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Tún un wò, ọmọ mi.” Ọmọ Ọ̀tà tún un wò. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà ju ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ lé ṣá? Ẹ̀gbọ́n nìyí o! Òun ló wà nínú mi tó rán àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ pé kó kọ́kọ́ lọ tọ́ ayé wò. Ẹ wá gba ìránṣẹ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó rán an?”

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan fi mú ọmọkùnrin méjì dé. Àwọn mìíràn tún tẹ̀lé e. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ìlà kan ti wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, gbogbo àwọn èkejì, wọ́n jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì wọn. Ọmọ ẹlẹ́páànù kò fi aṣọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń sunkún láìpariwo. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, adùn ń ṣàn nínú mi bí ẹni tó mu ẹ̀kọ gbígbóná lójú òtútù. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ mi ń fìdí múlẹ̀.

Ọ̀gá ilé gbígbé wọlé, ọrùn aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. “Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?”

Mo dìde kí n lè sọ̀rọ̀. Ìdìde yẹn ló pa mí.

“Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bàbá ọlọ́kọ́!” Ó ti yọ fóònù rẹ̀, ó ń fi hàn àwọn òbí. Èmi nìyẹn, tèmi tọkọ́, mo yíjú díẹ̀. Ó kọjú sí onígíláàsì. “Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bàjẹ́ ló ń gbé e. Àbí ìwọ kọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀?”

Onígíláàsì wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń rí, gáréèjì ló ń rí, àti àwọn ọmọ tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Èmi ni mo sọ fún wọn pé ìbejì—”

“Ẹ bá wa foríjì wọ́n, sà,” ni ọ̀gá wa wí, ó ti di apá mi mú. “Àgbà ti dé sí wọn ni.”

Ẹlẹ́páànù súnmọ́ mi títí mo fi ń gbóòórùn ìpara rẹ̀. Kò pariwo. “Bàbá, pẹ̀lú gbogbo ewú orí yín yìí, ṣé wọn ò bí ìbejì rí ní ìdílé yín ni?”

Wọ́n pòṣé sí mi láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ máńgòrò. Onígíláàsì jókòó, ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú fọ́ńṣọ̀n tèmi jáde láti ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí. Kò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, àlàfo tí mo fi sílẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ó ní kó ṣiṣẹ́. Àwọn èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì wọn wọlé. Ọ̀gá ilé gbígbé gbá a lẹ́yìn. “Ọmọ tó gbọ́n! Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ.” Ẹlẹ́páànù gbàdúrà fún un pé kó bí ìbejì.

Nígbà tí a dé Joju, ọ̀gá yọ ọkọ́ náà lára ìṣó fúnra rẹ̀. “Ẹ gbé e, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.” Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà bi mí bóyá oko ti pọ̀ tó. Mo gbé e wọ ọkọ̀. Kọ̀ńdọ́ ní kí n san owó ẹrù.

Ìyàwó mi wo ọkọ́ náà, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. A lọ sí Ọ̀yọ́. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó ń bu oúnjẹ, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí n kò lè gbà á mọ́, a padà wá gba yàrá kan ní Ilo-Awela, mo sì ń fi ọkọ́ náà ro etí ilẹ̀ kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Ẹ̀gẹ́ mi ń ta dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Ọ̀gá wa kú lọ́dún tí wọ́n sọ ọ́ di díákónì. Mo lọ síbi òkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì, mo sì ní kí wọ́n bu ẹran kún un. Ọ̀gá ilé gbígbé wà láàyè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo pàdé rẹ̀ ní báǹkì, mo kí i, ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò mọ̀ mí. Ìyá ẹlẹ́wà wà, ó ṣì ń pè mí ní àgbẹ̀. Àbúrò mi wà, ó sanra. Àwọn ìbejì ẹlẹ́páànù wà, àwọn méjèèjì ló ti bímọ, ìyá wọn ló kú. Ìyàwó mi ti kú.

Ọmọ Ọ̀tà wà. Ó wá kí mi lọ́jọ́ iléyá, ó gbé ẹran wá. Ó ní fọ́ńṣọ̀n mi ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti fi sínú àpò ti ọ́fíìsì fúnra wọn, orúkọ onígíláàsì ló wà lórí rẹ̀. Ó ní ọmọ tuntun kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ kò mọ̀, ó jókòó kọ tirẹ̀, èyí tó mọ ìbejì. Wọ́n ti ra ọkọ́ mìíràn.

Onígíláàsì kò sí mọ́. Tírélà ni, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ìyàwó mi ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n mú ìròyìn náà wá, ó káwọ́ lérí, ó ń ké pé ọmọdé yẹn ti kú. Mo ní kò kú. Mo ní ó lọ sí Èkó.

Èmi wà.